Wendell Scott, Awakọ̀ Tí Ó Borí Láìgba Ife

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí kò sọ fún wa: ẹni tí a fi irọ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ǹjẹ́ yóò wà láàyè ní ọjọ́ tí òtítọ́ bá dé? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ìtàn Wendell Oliver Scott wò, ẹni tí ó fi eré ìje mọ́tò ṣe iṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ àwọn awakọ̀ sí, ohun tí ẹ óò rí níwájú orúkọ rẹ̀ ni pé ó sáré ní ìgbà 495, ó sì gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí ó bá wo iye yìí lásán lè sọ pé awakọ̀ tí kò mọṣẹ́ ni. Èmi sọ pé ẹni bẹ́ẹ̀ ti ka ìṣirò, kò tíì ka ìtàn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú eré tí à ń sọ. Mọ́tò tí wọ́n fi ń sá a jọ èyí tí ará ilé ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe kí ó lè sáré àsápajúdé. Ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni eré náà ti gbilẹ̀, láàárín àwọn tí ń fi òru gbé ọtí líle tí ìjọba kò fọwọ́ sí, ìbátan ògógóró tiwa. Ẹni tí ọlọ́pàá ń lé kò gbọdọ̀ gun mọ́tò tí ń lọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ọ̀gá nínú ọgbọ́n mímú ẹ́ńjìnnì yára. Ní ọdún 1948 ni Bill France àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ NASCAR sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso eré náà.

Ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n ti bí Scott, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1921. Ilé iṣẹ́ òwú àti ti tábà ni púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú náà gbójú lé, ṣùgbọ́n Scott ti pinnu pé òun kò ní ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò ti máa dúró lé òun lórí. Bàbá rẹ̀ a máa wa mọ́tò, a sì máa tún un ṣe. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ iṣẹ́. Scott wa takisí, ó bá àwọn ọmọ ogun lọ sí Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó dá ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sílẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì ń gbé ọtí ní òru. N kò ní fi èyí pamọ́, nítorí òun gan-an ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọdún 1952, àwọn tí ń pe eré jọ ní Danville ń wá awakọ̀ dúdú kan tí yóò mú kí èrò pọ̀ sí i. Wọ́n tọ ọlọ́pàá lọ, wọ́n béèrè aláwọ̀ dúdú tí eré rẹ̀ yá jù ní ojú títì. Scott ni àwọn ọlọ́pàá dárúkọ, nítorí wọ́n ti lé e títí ó ti sú wọn. Ẹ ò rí i bí alátakò ti di alágbàwí!

Ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún náà ni ó kọ́kọ́ sáré. Nígbà tí ó wá gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sí àwọn pápá NASCAR, wọ́n dá a padà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹ rántí pé ayé ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, òfin ni ó sì là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Virginia; ilé oúnjẹ wọn náà yàtọ̀. Scott kò jà, kò sì sá. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sáré títí ó fi rí ìwé àṣẹ NASCAR gbà. Ní ọdún 1959 ó di ọ̀gá nínú ìpele tirẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Virginia, ní ọdún 1961 ó sì bọ́ sí ìpele tí ó ga jù lọ.

Níbí ni mo fẹ́ kí a ti dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà fún àwọn tí ń béèrè ìdí tí kò fi borí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Ford àti Chrysler ń fi mọ́tò, ẹ̀yà ara mọ́tò àti owó ran àwọn awakọ̀ tí wọ́n yàn lọ́wọ́. Scott kò sí lára wọn. Mọ́tò tí ẹlòmíràn ti lò ni ó ń rà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń bá a pààrọ̀ táyà. Bí mọ́tò olówó bá bàjẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, òmíràn yóò wà nílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ti Scott bá bàjẹ́, oúnjẹ ilé ni ó bàjẹ́. Nítorí náà a máa rọra lò ó, kí ó lè parí eré, kí ó sì gba owó díẹ̀ lọ fún aya àti ọmọ méje. Síbẹ̀ ìgbà 147 ni ó wà lára àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1963 ni ọjọ́ ńlá rẹ̀ dé, ní Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida. Ìgbà 200 ni wọn yóò yí pápá náà po. Nígbà tí ó ku nǹkan bí 25, Scott ya Richard Petty sílẹ̀, ó sì bọ́ síwájú gbogbo wọn. Ó parí, a kò ju àsíá ìparí sí i. Ó tún yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì sí i, ẹnì kan kò dá a lóhùn. Buck Baker, òyìnbó, ni wọ́n kéde pé ó borí. Òun ni wọ́n gbé ife fún, òun ni ọmọbìnrin arẹwà ọjọ́ náà sì kí. Scott fi ẹ̀hónú hàn. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí èrò ìwòran ti túká, àwọn alákòóso gbà pé òun ni ó borí, wọ́n ní àṣìṣe ìṣirò ni. Scott ní tirẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀: ó ní gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ̀ pé òun borí, wọn kàn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú fi ẹnu ko ọmọbìnrin òyìnbó lẹ́nu lójú àwùjọ ni. Wọ́n san owó rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ife ọjọ́ náà kò dé ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọdún 1966 ó ṣe ipò kẹfà nínú gbogbo awakọ̀ ọdún náà, ní 1968 àti 1969 ó ṣe ipò kẹsàn-án. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1973, ọ̀pọ̀ mọ́tò forí sọ ara wọn ní Talladega ní Alabama. Egungun ìhà Scott kán, ìbàdí rẹ̀ kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó tún gbìyànjú eré kan ní oṣù kẹwàá, ó sì padà sí ìdí ẹ́ńjìnnì ní Danville. Ní ọdún 1977 wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù. Ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1990 ni ó kú.

Ìgbà náà ni ọlá wá ń rọ́ dé. Ní ọdún 2010 àwọn kan ní Jacksonville ṣe àwòṣe ife náà fún ìdílé rẹ̀. Ní ọdún 2015 orúkọ rẹ̀ wọ Gbọ̀ngàn Olókìkí NASCAR, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ni níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2021, NASCAR fúnra rẹ̀ gbé ife fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìbá pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Bubba Wallace borí ní Talladega, aláwọ̀ dúdú kejì nìyẹn ní ìpele gíga náà, lẹ́yìn ọdún 58.

Àwọn kan yóò sọ pé ó ti tán, a ti tún un ṣe. Èmi kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni a tún ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ kan ní Jacksonville kò ṣeé tún ṣe. Àwọn èrò tí ó ti lọ sílé pẹ̀lú orúkọ Baker lẹ́nu, ta ni yóò kó wọn padà sí pápá? Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá bá iye kan pàdé nínú ìwé ìtàn, ẹ béèrè iye tí ó ná ẹni tí ó ni ín. Lẹ́ẹ̀kan péré ni Scott borí, ṣùgbọ́n ìgbà 495 ni ó gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sí ibi tí wọn kò ti fẹ́ rí i.