Èdè Tí Ènìyàn Ṣẹ̀dá: Láti Volapük Dé Guosa

Volapük ni èdè àtọwọ́dá àkọ́kọ́ tó rí ọmọlẹ́yìn púpọ̀. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan ní Jámánì, Johann Martin Schleyer, ló gbé e kalẹ̀ ní 1879, pẹ̀lú èrò pé kí gbogbo ayé lè fi gbọ́ ara wọn yé. Gẹ̀ẹ́sì ló ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gé wọn kúrú débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò lè dá wọn mọ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀ kíákíá, nígbà tí wọ́n sì ṣe àpérò kẹta ní Paris ní 1889, Volapük ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìjà ló tú wọn ká. Auguste Kerckhoffs, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ tún èdè náà ṣe. Schleyer ní òun lòun ni ín, ẹnu òun sì labẹ gé.

Ẹ̀kọ́ yìí kò fo Esperanto ru. Dókítà ojú ni L. L. Zamenhof tó ṣẹ̀dá rẹ̀, Júù tí wọ́n bí ní 1859 ní Białystok, níbi tí àwọn Júù, ará Pólándì, Rọ́ṣíà àti Jámánì ti ń fojú ọ̀tá wo ara wọn. Ìwé kékeré tó tẹ̀ ní Warsaw ní 1887 kò ní ju òfin gírámà 16 lọ. Níbi tí Yorùbá ti ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ìparí ọ̀rọ̀ ni Esperanto ń yí: “mi kantas” ni mo ń kọrin, “mi kantos” sì ni mo máa kọrin. “Bona” ni ohun tó dára. Bí a bá fi “mal” ṣáájú rẹ̀, “malbona” ni èyí tí kò dára.

Zamenhof kéde pé òun ti yọwọ́, pé àwọn tó ń sọ èdè náà ló ni ín. Ènìyàn 688 péjọ sí Boulogne-sur-Mer ní 1905 fún àpérò àgbáyé àkọ́kọ́. Ní 1907, àwọn kan ya kúrò láti dá Ido sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kò wó: ẹgbẹ́ àgbáyé, UEA, bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Faransé dènà Esperanto ní Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Àwọn Násì pa àwọn ọmọ Zamenhof mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Stalin náà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní 1937 sí 1938. Ní 1954, UNESCO fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Tógò àti Benin ni Esperanto ti ta gbòǹgbò jù; ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ orúkọ Zamenhof wà ní Lomé. Áfíríkà kò gba àlejò àpérò àgbáyé náà rí àfi ní 2024, ní Arusha, ní Tanzania.

Nàìjíríà ní tirẹ̀. Ní 1965, Alex Igbineweka bẹ̀rẹ̀ Guosa, èdè tó fẹ́ kí ó so Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀. Inú Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ló ti ṣa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì mú díẹ̀ kún un láti inú èdè àwọn ẹ̀yà tó kéré sí wọn. Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà ní tirẹ̀: òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, àti ti 1999 lẹ́yìn rẹ̀, fi Haúsá, Ígbò àti Yorùbá kún Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ ilé aṣòfin, bí ètò bá ti tó.

Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn fi ohun tó fa Guosa sẹ́yìn hàn. Ẹ̀wà, ata àti àlùbọ́sà ń ti Òkè Ọya wọlé síbẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń ná an ní Yorùbá, ní Haúsá tàbí ní Píjìn. Kò sí ẹni tó jókòó ṣẹ̀dá Píjìn. Ọjà, ibùdókọ̀ àti bárékè ló tàn án kálẹ̀, kò sì ná olùkọ́ kankan ní kọ́bọ̀. Guosa ní ìwé atúmọ̀ àti ẹlẹ́dàá tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jìn fún un, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀pọ̀ èrò tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọ di tiwọn, èyí tí Esperanto rí.