Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ta Ni Ó San Owó Ààrò Ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Orí ààrò ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ààrò tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀. Ààrò inú ògiri ni, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó èédú sí láyé àtijọ́ kí ilé wọn lè móoru nígbà òtútù. Bí irú ààrò bẹ́ẹ̀ bá di ohun tí a gbọ́dọ̀ tún ṣe tàbí kí a pààrọ̀, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìbéèrè yìí dàbí ọ̀rọ̀ abẹ́lé lásán, ṣùgbọ́n ikú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òfin.

Èédú tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi igi sun. Èyí tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ ni, èéfín rẹ̀ sì dúdú, ó nípọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gbèsè wọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn. Wọ́n ń ta èédú tí ó dára sí òkè òkun kí owó lè wọlé, wọ́n sì ń wọn ìyókù fún àwọn ará ilé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1952, wọ́n gbà kí ẹnikẹ́ni ra èédú wẹ́wẹ́ olówó pọ́ọ́kú bí ó bá ṣe fẹ́. Tálákà ni ó jẹ́ ànfààní rẹ̀ jù, nítorí òtútù ọdún náà mú gidigidi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, afẹ́fẹ́ dúró gbagidi lórí ìlú London. Èéfín ilé, ti ilé iṣẹ́ àti ti ilé amúnáwá kò rí ibi gbà lọ. Ó dà pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó sì bo ìlú fún ọjọ́ márùn-ún. Ọkọ̀ èrò kò lè rìn. Èéfín wọ inú gbọ̀ngàn eré Sadler's Wells títí wọ́n fi dá eré dúró láàárín. Àwọn màlúù kan kú níbi àfihàn ẹran ọ̀sìn ní Earls Court. Nígbà tí wọ́n ka òkú ènìyàn, iye tí ìjọba kọ́kọ́ gbà jẹ́ nǹkan bí 4,000. Àwọn olùwádìí tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn náà sọ pé ó tó nǹkan bí 12,000. Àwọn arúgbó, àwọn ọmọ ọwọ́ àti àwọn tí ó ní àrùn àyà ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìjọba kò yára dìde. Owó ni wọ́n ń rò: mílíọ̀nù mélòó ni ààrò tí ó wà nílùú, ta sì ni yóò pààrọ̀ wọn? Ní ọdún 1953 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Sir Hugh Beaver, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọtí Guinness, ẹni kan náà tí ìwé àkọsílẹ̀ Guinness ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí yí ìbéèrè náà padà. Wọn kò béèrè iye tí yóò náni láti pààrọ̀ ààrò nìkan. Wọ́n béèrè iye tí à ń ná nítorí pé a kò pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àbọ̀ wọn ti ọdún 1954, wọ́n ṣírò aṣọ tí à ń fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀, ilé àti irin tí èéfín ń jẹ, àìsàn àti iṣẹ́ tí ó ń bà jẹ́, wọ́n sì ní ó tó mílíọ̀nù 250 pọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru.

Gerald Nabarro, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, gbé àbá òfin tirẹ̀ wá ní ọdún 1955; ó fà á sẹ́yìn nígbà tí ìjọba ṣèlérí pé àwọn yóò ṣe é fúnra wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1956 ni Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ jáde. Ó fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti yan àdúgbò tí èéfín kò ti gbọdọ̀ jáde láti orí òrùlé. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ ní láti tún ààrò rẹ̀ ṣe kí ó lè lo èédú aláìléèéfín, gáàsì tàbí iná mànàmáná.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Bí ilé bá ti wà kí òfin náà tó jáde, onílé yóò san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ìjọba ìbílẹ̀ yóò san ìdá mẹ́ta, ìjọba àpapọ̀ yóò sì san ìdá mẹ́rin. Ìjọba ìbílẹ̀ tún lè san ìdá ti onílé náà fún un bí ó bá rí i pé ó yẹ. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ẹni mẹ́ta gbé ẹrù kan, ẹrù náà sì ṣeé gbé.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ó kan ọbẹ̀ náà. Òfin san owó àtúnṣe, kò san owó èédú tuntun, èyí tí ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Ní àwọn ìlú awakùsà, iṣẹ́ náà falẹ̀, nítorí èédú jẹ́ ara ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ta ni yóò fi èyí sílẹ̀ kí ó lọ fi owó ra òmíràn? Ẹ rántí àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú. Láti ọdún 1925 tí Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ti wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti ń wá ibùgbé níbẹ̀. Nínú yàrá àyágbé, ẹ̀rọ kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ ayálégbé fi ń yáná, tàbí kí wọ́n máa sọ owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ kí gáàsì tó wá. Ẹni tí kò ní ààrò kò ní ohun tí òfin yóò bá a tún ṣe.

Nígbà tí wọ́n rí gáàsì lábẹ́ Òkun Àríwá ní ọdún 1965, ìyípadà mìíràn dé. Gáàsì yìí kì í jó bí èyí tí wọ́n ń fún láti inú èédú, nítorí náà wọ́n ní láti tún ẹ̀rọ inú ilé gbogbo ṣe. Láàárín ọdún 1967 sí 1977, àwọn òṣìṣẹ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì tún nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ẹ̀rọ ṣe. Wọn kò gba owó iṣẹ́ náà lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ gáàsì tí ó jẹ́ ti ìjọba ni ó gbé e.

Ìbéèrè náà tún ti padà wá. Ní England àti Wales, ìjọba ń ran onílé tí ó bá yọ ẹ̀rọ gáàsì rẹ̀ láti fi ẹ̀rọ tí ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìrànwọ́ náà di 7,500 pọ́ọ̀nù. Onílé ni a ń bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ayálégbé ní láti dúró de ìpinnu ẹlòmíràn. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú kan pín ẹrù rẹ̀ dọ́gba, kí a wo ẹni tí òtútù ń mú nínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀.