Ọdún 1963, tí Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Jáde Kúrò ní Wọ́ọ̀dù

Bí àwọn dókítà Nàìjíríà ṣe ń wọ́ lọ sí òkè òkun, iṣẹ́ méjì ló já lé àwọn tí ó ṣẹ́ kù lórí: kí wọ́n tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n sì kọ́ àwọn tí yóò rọ́pò wọn. Ó rọrùn láti sọ pé ìkọ́ni ń jẹ àkókò aláìsàn. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1776, Andrew Duncan dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn tálákà ní ìlú Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Ní ọdún 1948, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtọ́jú ìlera di ọ̀fẹ́, ibẹ̀ ni yunifásítì ìlú náà fi Dókítà Richard Scott sí. Dókítà ìdílé ni fún àwọn ará àdúgbò, olùkọ́ ni fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ní wọ́ọ̀dù, àìsàn tí ó ti gbó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí. Lọ́dọ̀ dókítà ìdílé, ó ń rí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń mọ ilé tí aláìsàn ń gbé àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé e.

Àwọn àgbà oníṣègùn ayé ìgbà náà kò ka irú iṣẹ́ yìí sí. Ní ọdún 1958, Lord Moran, tí ó jẹ́ dókítà Winston Churchill, sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba pé àwọn tí ó já bọ́ lórí àkàbà ni dókítà ìdílé. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn èyí, ní 1963, Edinburgh fi Scott jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ dókítà ìdílé, ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé.

Ọdún 1963 yìí kan náà ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà, ìlú tí ìbejì ti pọ̀ bí nǹkan míì. Ètò méjèèjì kò bára mu délẹ̀: ìdílé ni ti Scott dojú kọ, ìlera gbogbo ìlú ni ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ilé ìwòsàn ńlá UCH ti ṣí ní 1957, síbẹ̀ ìlú kéékèèké àti abúlé oko ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kó ẹrù rẹ̀ kúrò n'Íbàdàn, kí ó lọ gbé Igbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Sòbìà ìlú Ìdèrè, tí kò jìnnà síbẹ̀, fi ìdí rẹ̀ hàn. Àrùn yìí a máa dá àgbẹ̀ jókòó sílé nígbà tí iṣẹ́ oko bá gbóná. Bí ó bá dé wọ́ọ̀dù, egbò ẹsẹ̀ ni dókítà yóò rí, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò dì í. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti tó nǹkan bí ọdún kan tí aláìsàn náà ti mu omi tí àrùn náà bá wọlé. Bí ó bá sì tún ti ẹsẹ̀ kan náà bọ adágún, aràn náà yóò da ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Kò sí oògùn tí í pa á nínú ara. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti kànga tí ó mọ́ ni ọ̀nà àbáyọ, a kì í sì í rí adágún láti ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù. Àwọn olùkọ́ Ìbàdàn ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀ ní Ìdèrè. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2013 pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ètò Igbó-Ọrà ti pé ọdún 50.