Ararọ̀mí àti Ọgbọ́n Fífi Ìgbọ̀nrìrì Lu Àpáta

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ilẹ̀ wa, Oloibiri ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí epo tí ó tó tà lọ́dún 1956. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ki irin bọ ilẹ̀. Ní agbègbè Ararọ̀mí, ní ẹ̀bá òkun Ìlàjẹ, ni Nigerian Bitumen Corporation ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga epo lọ́dún 1908. Ọ̀dà dúdú tí ń sun láti inú ilẹ̀ ní ẹkùn náà ni ó fà wọ́n wá. John Simon Bergheim, olórí wọn, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dún 1912. Nígbà tí ogun fi máa bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ ti dópin.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀nà tí ó pẹ́ jù lọ ni kí a fi okùn gbé irin wúwo sókè, kí a sì jẹ́ kí ó já lulẹ̀, gbì, gbì, bí ọmọrí odó. Ìwúwo ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n ìgbọ̀nrìrì kò gbára lé ìwúwo. Iná mànàmáná ni a ń fi sí èròjà kan tí ń wú, tí ó sì ń sún kì, ní ìgbà 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ. Ẹnu irin kò rìn ju ìwọ̀n fọ́nrán irun lọ, síbẹ̀ lílù lemọ́lemọ́ náà ń rún àpáta di lẹ́búlẹ́bú. Àwọn onímọ̀ NASA ní Kalifọ́níà ti ṣe irú rẹ̀, kí a lè fi lu òkúta nínú ayé mìíràn, níbi tí ohun gbogbo ti fúyẹ́.

N kò rò pé ìyẹn ì bá gba Bergheim là. Àpáta Ìdànrè ni ó yẹ irú irin bẹ́ẹ̀; yanrìn, amọ̀ àti omi ni Ararọ̀mí ní. Ìgbọ̀nrìrì tí ó lọ́ra, bí 100 ní ìṣẹ́jú àáyá, ni ì bá wúlò níbẹ̀, nítorí pé ó ń mú kí yanrìn tí ó yí páìpù ká rọ̀ bí omi, tí páìpù yóò sì máa wọlẹ̀. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, irin kì í dá epo sílẹ̀ níbi tí kò sí.

Òkun ń jẹ etíkun Ìlàjẹ lọ. Ayétòrò ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé. Kí omi tó bo ojú àwọn kànga 1908, ó yẹ kí a tètè wá wọn kàn, kí a sì fi wọ́n sínú àwòrán ilẹ̀.