Abiyamọ Níwájú Ìgbìmọ̀ Agbanisíṣẹ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í sí nínú ìpolówó iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n tí abiyamọ tó bá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ agbanisíṣẹ́ sábà máa ń gbọ́: ‘Ta ni yóò máa bá yín tọ́jú ọmọ bí ẹ bá wà ní kíláàsì?’ Wọn a ti yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò, wọn a ti béèrè nípa iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọmọ tó yọjú. Ọkùnrin tí wọ́n sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lè jókòó sórí àga kan náà. Ẹ kú oríire ni wọn yóò kí i. Àwọn kan gbà pé àṣà ìbílẹ̀ ló bí ìbéèrè yìí. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn tán. Abiyamọ Yorùbá a máa pọn ọmọ lọ sọ́jà, a máa pọn ọ́n lọ sídìí ìkòkò aró, láìsí ẹni tó ń bi í bóyá ó lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, níbi tí a ti mú ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa wá, ọ̀rọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe ìbéèrè níbẹ̀rẹ̀. Àṣẹ ni.

Láti ọdún 1923 sí 1935, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò gba adélébọ̀ síṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1919 ti sọ pé ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ dí obìnrin lọ́wọ́ iṣẹ́! Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1944 ló tó mú ìdènà náà kúrò lórí àwọn olùkọ́. Irú ìlànà kan náà ni iṣẹ́ ìjọba amúnisìn ń lò: aláìlọ́kọ ni àwọn obìnrin òyìnbó tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, èyí tó bá sì ṣègbéyàwó nínú wọn, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ọdún 4 péré ni òfin ọdún 1944 ṣì pé.

Ti Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé oyún gan-an ló dojú kọ. Ní ìlú Cleveland, olùkọ́ tó lóyún gbọ́dọ̀ kúrò ní kíláàsì, láìgba owó, nígbà tó bá ku oṣù 5 kí ó bímọ. Kò sì lè padà títí sáà ẹ̀kọ́ mìíràn yóò fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá pé oṣù 3. Jo Carol LaFleur, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fagi lé ìlànà náà ní 1974. Ní 1978 àwọn aṣòfin ka fífi oyún tàbí ìbímọ du obìnrin níṣẹ́ sí ìwà àìtọ́, wọ́n sì fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáṣẹ́ kún un. Àṣẹ kúrò nínú ìwé. Ó kù sẹ́nu àwọn tó ń gbani síṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú owó tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlàjì owó oṣù rẹ̀. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ tirẹ̀ láti fún ọmọ lọ́yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo oṣù 6, ó kéré tán, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni owó yẹn tọ́ sí, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, okòwò àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni òfin náà dárúkọ, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tó kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba jù, sọ ọ̀sẹ̀ 12 di 16 ní 2008, àmọ́ ó ka ìsinmi ọdọọdún mọ́ ọn. Ẹni tó ti wọlé ni gbogbo èyí ń ṣíji bò. Ẹni tó fi ìkókó oṣù méjì sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó wọkọ̀ láti ìlú mìíràn wá, kò tíì ní ọ̀gá tí òfin lè bá wí. Òótọ́ ni pé Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 kò fàyè gba kí a fi ọ̀rọ̀ akọ-ń-bábo rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí? Ìgbìmọ̀ kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí ọmọ ni.

Síbẹ̀ àwọn kan kọjá. Felicia Adetowun Ogunsheye di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1973, obìnrin àkọ́kọ́ nírú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Grace Alele-Williams, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, di gíwá Yunifásítì Benin ní 1985. Oyè ni ìwé ìtàn ń kà. Ìyá àgbà, àbúrò àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbọ́mọ pọ̀n kí abiyamọ lè rọ́nà lọ síṣẹ́ kì í sí nínú rẹ̀, àbùkù ńlá sì nìyẹn fún ìtàn ẹ̀kọ́ gíga.

Ti bàbá ọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn bàbá ní ìsinmi ọjọ́ 10 ní 2014, ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2021 sì fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 14. Bí èyí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, yóò ṣòro láti máa bi abiyamọ nìkan ní ìbéèrè tó kan bàbá náà.

Àwọn ìlànà ìsinmi wọ̀nyí kò mẹ́nu ba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fúnra rẹ̀. Wọ́n a pe gbogbo olùwáṣẹ́ fún aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn a sì dúró di ìrọ̀lẹ́, ọmú á ti kún. Ààbọ̀ wákàtí tí òfin ọdún 1974 fún òṣìṣẹ́ kò kan ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.