Arrows A20

Arrows A20 ni ọkọ̀ eré-ìje tí ẹgbẹ́ Arrows ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kópa nínú ìdíje Formula One ọdún 1999, ọdún tí Ọmọọba Malik Ado Ibrahim, ọmọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ Ebira, dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ní ẹgbẹ́ náà. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré: ara A19 ti ọdún 1998 ni wọ́n ti mú A20 jáde, ẹ́ńjìnnì V10 tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e sáré. Ní Melbourne, níbi eré-ìje àkọ́kọ́, Pedro de la Rosa ṣe ipò kẹfà, ó gba àmì kan, èyí tí í ṣe orí ire ńlá fún awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré-ìje 15 tó kù, bí ọkọ̀ ti ń bàjẹ́ lójú eré léraléra, òun àti Toranosuke Takagi, awakọ̀ kejì ẹgbẹ́ náà, kò rí àmì mìíràn gbà. Nínú ẹgbẹ́ 11, Arrows ṣe ipò kẹsàn-án.