Ẹ̀kọ́ Ebola Ọdún 2014: Ta Ni Ó Ń Dáàbò Bo Aláàbò?

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer, ọmọ Làìbéríà tó tún jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, fi bàlúù wọ ìlú Èkó. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára kó tó dé. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni First Consultant ní Ọbáléndé ni wọ́n gbé e lọ.

Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é, ibà náà ni wọ́n sì ń wò. Nígbà tí oògùn ibà kò ràn án, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura. Ó bi í bóyá ó ti sún mọ́ ẹni tó ní Ebola. Sawyer sẹ́ kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àrùn yìí kan náà ni ó pa arábìnrin rẹ̀. Dókítà náà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà fẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó lè lọ sí ìpàdé ECOWAS ní Kàlàbá, ṣùgbọ́n obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà.

Ìfura yẹn gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, àmọ́ ó ti pẹ́ fún àwọn tó tọ́jú aláìsàn náà. Wọ́n ti fọwọ́ kàn án, wọ́n ti fà á lómi sára, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Ebola. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Nínú àwọn 20 yìí, òṣìṣẹ́ ìlera ni 11. 5 nínú wọn ni ó bá a lọ. Adadevoh fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ. Àwọn tó ń tọpa àrùn náà ṣọ́ ènìyàn 894 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilé ìwòsàn. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ sún ọjọ́ ìwọlé àwọn ilé ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá. Nígbà tó yá, ó fà á padà sí ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, ta kò ó. Wọ́n ní kí ìjọba kọ́kọ́ pèsè ìbọ̀wọ́, ẹ̀rọ tí a fi ń mọ bí ara ṣe gbóná tó, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́. Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ni ìpínlẹ̀ Èkó padà ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ó rọrùn láti pe ohun tí àwọn olùkọ́ ṣe ní ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n béèrè, pé kí ààbò ṣáájú iṣẹ́, gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ Ọbáléndé kò rí gbà ní ọjọ́ tí Sawyer wọlé.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Kòrónà dé. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2020, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní ilé ìwòsàn ìjọba tún yanṣẹ́ lódì. Ẹ̀wù ààbò wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, àti àjẹmọ́nú ewu iṣẹ́, tí ó jẹ́ 5,000 náírà lóṣù. Ìparí ọdún 2021 ni ìjọba tó fọwọ́ sí àfikún rẹ̀.

Ohun tó bá ojú, ó bá imú. Bí àrùn bá mú nọ́ọ̀sì, aláìsàn tó kàn ni yóò gbà á. Bí ó bá mú olùkọ́, yóò bá ọmọ dé ilé. A ń fi orúkọ Adadevoh yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oríyìn kì í ṣe ìbọ̀wọ́. Àrùn tó ń bọ̀ kò ní dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun ààbò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí a ṣì rò pé ibà lásán ni.